Ihò àpáta yíyọ́

Ihò àpáta yíyọ́ ni ihò gígùn, bí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, tí àpáta tó yọ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣàn kọjá. Kì í ṣe omi ni ó gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Irú ihò yìí wà ní Hawaii, Iceland, Kòríà Gúúsù, Kẹ́ńyà àti erékùṣù Fogo ní Cape Verde. Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń wọ inú wọn lọ.

Bí ó ṣe ń di ihò

Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín bá bú, àpáta yíyọ́ a máa tú jáde. Èyí tí ó jẹ́ basalt, tí ó máa ń ṣàn geere, ni ó sábà máa ń di ihò. Ìgbóná rẹ̀ a máa wà láàárín 1,100 àti 1,200 lórí ìwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ mú kí ojú rẹ̀ tutù kí ó sì le, bí awọ ṣe máa ń bo ojú ẹ̀kọ mímu tí a gbé kalẹ̀. Awọ yìí a nípọn, a di òrùlé, kò sì ní jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ìdí nìyẹn tí àpáta yíyọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi lè ṣàn jìnnà gan-an kí ó tó tutù. Nígbà tí ìbúgbàù bá rọlẹ̀, èyí tó kù nínú ọ̀nà náà a ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, òrùlé àti ògiri nìkan ni yóò sì kù.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ilẹ̀ ihò náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lè kún fún òkúta tó mú bí abẹ. Lára ògiri ni a ti ń rí àwọn ilà tó ń fi hàn ibi tí àpáta yíyọ́ náà ga dé nígbà kan rí. Lára òrùlé, àwọn ẹ̀kán àpáta tó ti gbẹ máa ń rọ̀ sílẹ̀. Níbi tí òrùlé bá ti jìn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán a máa wọlé, ewéko a sì máa hù lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó gbajúmọ̀

Kazumura, ní Hawaii, ni ó gùn jù nínú àwọn tí a ti wọ̀n. Ó lé ní kìlómítà 65. Ní erékùṣù Jeju ní Kòríà Gúúsù, ihò Manjanggul gùn tó kìlómítà 7, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà kan péré ni a ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn àlejò rí. UNESCO fi àwọn ihò Jeju sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2007. Ní Áfríkà, ihò Leviathan ní Chyulu Hills, Kẹ́ńyà, lé ní kìlómítà 11. Ní òkè Suswa, ní orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn ìnàkí máa ń sùn nínú àwọn ihò náà lálẹ́.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Àpáta yíyọ́ láti òkè Fogo bo àwọn abúlé Portela àti Bangaeira láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2014 àti oṣù kejì ọdún 2015. Àwọn ará ibẹ̀ padà wá kọ́lé sórí àpáta tuntun náà. Òkè Kamẹrúùnù bú ní ọdún 1999, àpáta rẹ̀ sì ṣàn sọ̀kalẹ̀ títí ó fi gé ọ̀nà ọkọ̀ nítòsí Bakingili. Ní Nàìjíríà, àwọn òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ tí kò bú mọ́ wà ní ilẹ̀ gíga Biu ní ìpínlẹ̀ Borno àti ní agbègbè Jos.

Ìgbàjà àti ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìgbàjà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwárà. Àpáta agbègbè yìí dàgbà ju ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún lọ fíìfíì, inú ilẹ̀ jíjìn ni ó sì ti le. Kì í ṣe àpáta yíyọ́ tó ṣàn lórí ilẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a bá ti rí ihò òkúta níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ àlàfo láàárín àwọn òkúta ńlá, tàbí abẹ́ àpáta tí òjò àti oòrùn ti jẹ. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Imoleboja ní Odò-Ọ̀wá, àti Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti wú egungun ènìyàn àtijọ́ jáde ní ọdún 1965. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ihò ní ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tètè pè é ní iṣẹ́ òkè ayọnáyèéfín. Irú àpáta tó yí i ká ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ìbẹ̀wò àti ewu

Òkùnkùn inú ihò yìí kì í ní ìmọ́lẹ̀ kankan rárá. Ìlànà àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú iná mẹ́ta lọ́wọ́, kí ó dé akoto líle, kí ó wọ bàtà tó nípọn àti ìbọ̀wọ́, kí ó má dá lọ, kí ó sì sọ fún ẹnìkan níta àsìkò tí òun yóò jáde.

Ewu mìíràn ni àdán. Àdán ajẹso kan tó máa ń gbé inú ihò lè ní kòkòrò àrùn Marburg lára. Ní ọdún 1980 àti 1987, àwọn ènìyàn tó wọ ihò Kitum ní òkè Elgon, Kẹ́ńyà, kó àrùn náà. Kitum kì í ṣe ihò àpáta yíyọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo ihò tí irú àdán bẹ́ẹ̀ ń gbé ní Áfríkà: kí a má wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà àti ìmọ̀ràn elétò ìlera, kí a má sì fọwọ́ kan ìgbẹ́ wọn.

Ìtọ́jú

Nínú ihò tí omi ń gbẹ́, ẹ̀kán òkúta a máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ti ihò àpáta yíyọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín àkókò tí àpáta náà fi ń tutù nìkan ni wọ́n fi dá, nítorí náà èyí tí àlejò bá ṣẹ́ mú lọ ilé kò ní padà hù mọ́. Ìdí nìyí tí òfin fi sábà máa ń ka mímú òkúta kúrò níbẹ̀ léèwọ̀.