Àdúgbò Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì Wọ̀ sí ní Èkó

Ìgbéyàwó ọmọ, ìpàdé ìjọ, ìtọ́jú ara, ìwé ìrìnnà òkè òkun: ọ̀pọ̀ ni ohun tí ń gbé ará Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Èkó. Ọ̀nà Iléṣà àti Ìbàdàn jìn. Ẹni tí kò bá sì ti mọ àdúgbò tí yóò sùn sí kí ó tó gbéra, ilẹ̀ lè ṣú bá a lórí afárá.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìhà tí iṣẹ́ yín wà, yálà Mainland ni tàbí Erékùṣù. Afárá Third Mainland, tí a ṣí ní ọdún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8, ọkọ̀ a sì máa há níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà ní Victoria Island bá pè yín fún aago méje òwúrọ̀, àdúgbò náà gan-an tàbí Ìkòyí ni kí ẹ sùn sí, ìbáà jẹ́ alẹ́ kan péré. Owó ibẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá fò lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó tún pè é.

Bí kò bá sí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀, Yàbá, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta tàbí Sùúrùlérè ni èmi yóò yàn. Owó ibùwọ̀ máa ń fúyẹ́ níbẹ̀ ju ti Erékùṣù lọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádò dé Òyìngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ń gba Yàbá kọjá. Òmíràn ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tí ó fẹ́ sìn ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina lè bá a lọ. Káàdì Cowry ni a fi ń wọ ọkọ̀ méjèèjì.

Lẹ́kì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fẹ́ nítorí òkun. Ó dára ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ilẹ̀ ibẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ kì í jẹ́ kí omi òjò tètè ṣàn lọ, pàápàá bí ọ̀sà bá kún. Àwa tí a dàgbà láàárín òkè kò mọ irú èyí: ọ̀gbàrá tiwa a máa sáré lọ, tiwọn a máa dúró.

Àwọn àgbà tí wọ́n rántí Bar Beach kò ní bá a bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Wọ́n ti kó yanrìn dí ibẹ̀, Eko Atlantic ni ó dìde sí i. Ní Kúrámọ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀, òkun ya wọ àwọn ahéré etíkun ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹ má ṣe gba ibùwọ̀ tí ó sún mọ́ ìgbì tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá sì ti wẹ̀ ní Ìkógòsì rí, ẹ sọ fún wọn pé omi òkun a máa fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀, kódà bí ojú rẹ̀ bá pa rọ́rọ́.

Kí ẹ tó san owó, ẹ wá ẹnìkan nínú ìjọ tí ń gbé àdúgbò náà, kí ẹ bi í bóyá omi máa ń wọ òpópónà wọn. Ẹni tí ń fi yàrá háyà kì í sábà sọ ọ́.