Èèkù Idà Láyé Àtijọ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Bí a bá ń bọ Ògún ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ojú idà ni a máa ń wò. Èèkù ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Alágbẹ̀dẹ a máa rọ ìdí idà kó tẹ́ẹ́rẹ́. Yóò ki ìdí náà bọná títí yóò fi pọ́n, yóò sì fi gún igi líle. Irin yóò jó ọ̀nà ara rẹ̀ wọlé. Bó bá tutù, ó dúró. Ẹlòmíràn a tún fi awọ wé e.

Igi a máa jẹrà, awọ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Lájà, ní Ọ̀wọ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn Àkúrẹ́, lọ́dún 1971, ère amọ̀ sísun ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ló bá. Udamalore, idà oyè àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀, wà títí dòní nítorí pé wọ́n fi eyín erin gbẹ́ òmíràn nínú wọn. Ti ológun lásán ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí èèkù idà ilé yín bá fọ́, ẹ má tètè sọ ọ́ síná. Ẹ wo inú ihò rẹ̀: ibi tó dúdú bí èédú yẹn ni irin gbà wọlé.