Àwọn Àlejò Groote Eylandt, 1948

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ pé àwọn tó ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń wá oúnjẹ nínú igbó, tí wọn kì í dáko, kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ lójúmọ́. Marshall Sahlins ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di olókìkí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1972. Èmi náà ti fi dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. N kò béèrè ẹni tó ka wákàtí náà, n kò sì béèrè ẹni tó gbà á lálejò.

Apá kan nínú rẹ̀ ti Groote Eylandt wá, erékùṣù ńlá kan ní àríwá Ọsirélíà. Àwọn Anindilyakwa ló ni ilẹ̀ náà. Abel Tasman, atukọ̀ ará Hólàńdì, ló sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní 1644. Kò ju "erékùṣù ńlá" lọ, bí ẹni pé kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Àlejò kò ṣàjèjì níbẹ̀. Àwọn apẹja láti Makassar máa ń bá afẹ́fẹ́ wá, wọ́n á kó ẹran omi tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn, wọ́n á sì padà sílé. Igi àjàgbọn wà níbẹ̀ títí dòní tó ń jẹ́rìí wọn. Ní 1921, àwọn CMS náà dé. Bẹ́ẹ̀ ni, CMS tí àwa náà mọ̀ ní Badagry àti Abẹ́òkúta.

Ní 1948, ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ó jẹ́ ènìyàn 17, láti Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, wá sí Umbakumba ní erékùṣù náà. Charles Mountford ni olórí wọn. Frank Setzler láti Smithsonian ni igbákejì. Ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrù wọn há lójú ọ̀nà, ẹrù sì pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó wá wo bí ènìyàn ṣe ń rí oúnjẹ jẹ ni oúnjẹ kọ́kọ́ fẹ́ wọ́n lọ́wọ́ wọn.

Margaret McArthur, tó mọ̀ nípa oúnjẹ, àti Frederick McCarthy, tó ń wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́, ló ka wákàtí náà. Wọ́n jókòó ti àwọn ènìyàn díẹ̀ ní Hemple Bay ní erékùṣù náà, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní Fish Creek lórí ilẹ̀ ńlá. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ń wò ti mọ ìyẹ̀fun àti ìrẹsì ilé míṣọ́n dáadáa. Ní Fish Creek, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí oúnjẹ igbó fi sú wọn, tí wọ́n fẹ́ lọ gba ìrẹsì. Sahlins fúnra rẹ̀ kọ èyí sínú ìwé rẹ̀. Àwa la máa ń fò ó.

Iṣẹ́ àwọn méjì yìí ṣì wúlò lójú mi. Òótọ́ ni wọ́n kọ nípa ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ Setzler ló yàtọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kúrò ní erékùṣù, tí wọ́n dé Oenpelli, ìyẹn Gunbalanya, lórí ilẹ̀ ńlá, ó rí egungun òkú nínú ihò àpáta. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun dúró títí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ méjì tó ń ràn án lọ́wọ́ fi sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí òun tó kó egungun náà. Ẹni tó bá rò pé nǹkan tọ́ sí òun kì í dúró de oorun olóhun. Ó mọ̀.

Egungun náà sì wọ Washington, ó jókòó sínú àpótí fún ohun tó lé ní 60 ọdún. Àwọn onílẹ̀ béèrè. Smithsonian kọ́kọ́ dá apá kan padà, wọ́n di ìyókù mú nítorí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀ ní 2010. Ní oṣù keje 2011, wọ́n fi ilẹ̀ pupa kun egungun náà ní Gunbalanya, wọ́n fi èèpo igi dì í. Àgbà ìlú náà, Jacob Nayinggul, fi èdè wọn bá àwọn òkú sọ̀rọ̀, wọ́n sì sin wọ́n.