ÀÌDÁ-ÀWỌ̀-MỌ̀ ÀTI AWÒ OJÚ: LÁTI ÌGBÀ DALTON TÍTÍ DI ÒNÍ

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni ènìyàn fi ń mọ ata tí ó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n ojú kò dọ́gba. Àwọn kan wà tí wọ́n lè ka ìwé tí a kọ wínníwínní, tí wọ́n sì lè rí ẹyẹ lórí igi gíga, síbẹ̀ tí ata pupa àti ewé tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lójú wọn. Láàrin àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 àti obìnrin 1 nínú 200 ni ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Iye náà kéré sí èyí láàrin àwa ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ó wà láàrin wa pẹ̀lú.

John Dalton àti òdòdó rẹ̀

Ní abúlé Eaglesfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí John Dalton ní ọdún 1766. Ọmọ ahunṣọ ni, ọmọ ọdún 12 péré ni ó sì jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Òun ni ẹni tí ó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa ìmọ̀ átọ̀mù.

Ní ọdún 1792, Dalton wo òdòdó jẹ̀réníọ́mù kan ní ojúmọmọ. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni ó rí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ó tún wo òdòdó kan náà lábẹ́ iná àbẹ́là, ó rí i pé ó ti di pupa. Ẹnu yà á. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Arákùnrin rẹ̀ nìkan ni ó rí ohun tí òun náà rí.

Dalton kò fi ọ̀rọ̀ náà bò nítorí ìtìjú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1794, ó ka ìwé kan lórí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìlú Manchester. Èrò rẹ̀ ni pé omi inú ẹyinjú òun ni ó ní àwọ̀ aró, tí ó sì ń gbé ìtànṣán pupa mì kí ó tó dé ẹ̀yìn ojú. Ó fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí a yẹ ojú òun wò lẹ́yìn ikú òun.

Nígbà tí ó kú ní ọdún 1844, oníṣègùn rẹ̀, Joseph Ransome, mú àṣẹ náà ṣẹ. Ó da omi inú ẹyinjú kan sínú àwo dígí kékeré: omi náà mọ́ gaara. Ó gé ẹ̀yìn ẹyinjú kejì, ó sì gba inú rẹ̀ wo ohun pupa àti ohun aláwọ̀ ewé: àwọ̀ wọn kò yí padà. Báyìí ni èrò Dalton ṣe wó lulẹ̀. Thomas Young ti sọ ṣáájú, ní ọdún 1802, pé oríṣi mẹ́ta ni ohun tí ojú fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dábàá pé ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni Dalton kò ní.

Wọn kò ju ẹyinjú náà nù. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n yẹ àbùdá ìran tí ó wà nínú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé èyí tí ó ń gba àwọ̀ ewé ni kò sí lójú Dalton. Ọdún 151 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdáhùn tó dé.

Bí ó ṣe ń wáyé

Lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú ni oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wà tí a fi ń mọ àwọ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wọ inú iṣẹ́ èkejì jù, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé yóò máa dàrú mọ́ra. Àbùdá méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà lórí krómósómù X. Ọkùnrin ní ẹyọ kan, obìnrin ní méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lára obìnrin, èkejì lè gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi pọ̀ láàrin ọkùnrin, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ èdè. Yorùbá a máa pe epo, ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pupa. Èyí kò fi hàn pé ojú Yorùbá kò rí ìyàtọ̀ láàrin wọn. Kò sí alátẹ tí yóò bu epo fún ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀jẹ̀. Orúkọ ni ó papọ̀, ojú kò papọ̀.

Jàǹbá ọkọ̀ ojú irin

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1875, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Lagerlunda ní ilẹ̀ Sweden, ènìyàn 9 sì kú. Frithiof Holmgren, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Uppsala, ní ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ kan má dá àwọ̀ iná àmì mọ̀. Àwọn òpìtàn òde òní kò gbà pé ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, Holmgren kó ìdì òwú irun àgùntàn aláràbarà jọ, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ṣa èyí tí àwọ̀ wọn bára mu. Láti ibẹ̀ ni yíyẹ ojú òṣìṣẹ́ rélùwéè wò ti di àṣà. Ní ọdún 1917, Shinobu Ishihara, ará Jàpáànù, gbé ìwé tirẹ̀ jáde, èyí tí a fi ẹ̀kán aláwọ̀ oríṣiríṣi ya nọ́ńbà sí nínú. A ṣì ń lò ó títí di òní.

Awò ojú

Wíwá àtúnṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1855, James Clerk Maxwell dábàá awò tí dígí ọ̀kan jẹ́ pupa, tí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ohun pupa yóò mọ́lẹ̀ nínú dígí pupa, yóò ṣókùnkùn nínú èkejì; ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1971, Harry Zeltzer ní Amẹ́ríkà ṣe dígí pupa pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú kan ṣoṣo.

Èyí tí ó lókìkí jù lọ bẹ̀rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Don McPherson, onímọ̀ nípa dígí, ń ṣe awò tí ó ń dáàbò bo ojú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ń lo ìtànṣán léésà. Níbi eré ìdárayá kan ní California, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í dá àwọ̀ mọ̀ yá awò náà wọ̀, ó sì kígbe pé òun rí àwọ̀ ọsàn lára àwọn àmì orí pápá. Láti inú èyí ni ilé iṣẹ́ EnChroma ti jáde ní ọdún 2010. Iṣẹ́ awò yìí ni pé ó ń dínà mọ́ ìtànṣán tí ó wà ní agbede-méjì pupa àti àwọ̀ ewé, níbi tí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ti ń jà sí ohun kan náà, kí ìyàtọ̀ tí ó kù lè hàn.

Àwọn kan sunkún ayọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Granada ní ilẹ̀ Sípéènì sọ pé awò náà kò mú kí àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò máa rí àwọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rí i. Ó kàn ń yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i padà ni. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2020 fi hàn pé bí àwọn tí sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú wọn, tí ọ̀kan kàn ṣe ségesège, bá wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan kò sí lójú rẹ̀ rárá, kò sí dígí tí yóò dá a padà fún un. Bí Dalton bá jí dìde lónìí, inú ẹgbẹ́ yìí ni òun gan-an yóò bọ́ sí.

Àgbálọgbábọ̀

Ìrètí mìíràn wà. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi àbùdá tí kò sí sínú ojú àwọn ọ̀bọ kan, àwọn ọ̀bọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá pupa mọ̀. Dalton ni wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n títí ìgbà tí irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ ni àtúnṣe tí ó sún mọ́ wa jù. Ọmọ tí ó bá fi àwọ̀ ilẹ̀ kun ewé nínú kíláàsì lè má jẹ́ olódo, ó sì lè má jẹ́ aláfojúdi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ọwọ́ rẹ̀ yà. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní na ẹgba. Yóò kọ orúkọ àwọ̀ sára ike ọ̀dà kọ̀ọ̀kan, yóò sì rán òbí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Olùkọ́ ni Dalton náà. Ohun tí a ì bá fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ni ó fi kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́.