Àjàgungbalẹ̀

Ẹni tó ń fi ipá àti ìjà gba ilẹ̀ onílẹ̀ là ń pè ní àjàgungbalẹ̀. Ọ̀tọ̀ lòun, ọ̀tọ̀ ni ọmọ onílẹ̀: ọmọ onílẹ̀ jogún tirẹ̀, jàǹdùkú àti àdá ni àjàgungbalẹ̀ fi ń ṣẹ̀rí. Láti ọdún 2016 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ìwà àjàgungbalẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń múni ṣẹ̀wọ̀n.

Kí ẹ má baà bọ́ sọ́wọ́ àjàgungbalẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí jọ fọwọ́ síwèé. Ilẹ̀ tí wọ́n tà lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gbé ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ọ̀hún. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kówó sílẹ̀.