Ìdákẹ́ Òǹkọ̀wé: Ìtàn Bí Àṣà Yíyẹ Iṣẹ́ Ẹlẹgbẹ́ Ẹni Wò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kí òǹkọ̀wé tó gbé ìtàn rẹ̀ lọ fún olóòtú, ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí fún un. Àríwísí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí lámèyítọ́, ìyẹn iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń tú ìwé palẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti jáde, nítorí pé orí iṣẹ́ tí kò tíì parí ni wọ́n ti ń ṣe é, ète rẹ̀ kì í sì í ṣe láti dá ìtàn náà lẹ́jọ́ bí kò ṣe láti ran ẹni tí ó kọ ọ́ lọ́wọ́ kí ó lè tún un kọ. Lóde òní, láàárín àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn ráńpẹ́, ìyẹn ìtàn àròsọ tí gígùn rẹ̀ kì í sábà kọjá 1,000 ọ̀rọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tí kì í lo àṣà yìí. Àmọ́ òfin tí ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí ó ní kí ẹni tí ó ni ìtàn pa ẹnu mọ́ títí àwọn yòókù yóò fi sọ tán, kò ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, ó sì ní ìdí tí ó fi rí bí ó ti rí.

Yunifásítì Iowa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ti ṣí kíláàsì ewì kíkọ níbẹ̀ láti 1897, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tí ó yí nǹkan padà ni èyí tí Carl Seashore, ọ̀gá ẹ̀ka tí ó ń bójú tó oyè ìjìnlẹ̀ gíga, gbé ní 1922, nígbà tí ó kéde pé yunifásítì náà yóò máa gba iṣẹ́ ọnà tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bí ewì, ìtàn àròsọ àti orin, dípò ìwé ìwádìí fún oyè. Bí ìtàn bá lè gba oyè fún ẹni tí ó kọ ọ́, a jẹ́ pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí wọn yóò fi máa kọ́ ènìyàn láti kọ ọ́, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ wà tí wọn yóò fi máa wọn bí ó ti dára tó. Ìdáhùn tí wọ́n rí sí èyí ni Iowa Writers' Workshop, tí Wilbur Schramm di olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1936. Níbẹ̀, dípò kí olùkọ́ dúró níwájú kí ó máa bu ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń ka iṣẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, olùkọ́ kàn wà láàárín wọn bí alága ni. Paul Engle, tí ó di olùdarí ní 1941, wà lórí ipò náà títí di 1965. Àsìkò tirẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ogun àgbáyé kejì bọ̀, tí òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1944 ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún, ya wọ ibẹ̀ débi pé nínú àwọn ilé onípáànù irú tí àwọn ológun ń lò, létí odò Iowa, ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì.

Ní 1945, ọmọbìnrin kan láti Georgia, Flannery O'Connor, wá síbẹ̀. Ahọ́n ìlú rẹ̀ ṣòro fún etí Engle débi pé nígbà tí O'Connor kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ṣe ni Engle ní kí ó kọ ohun tí ó ń sọ sórí ìwé. Nígbà tí wọ́n bá sì kan ìtàn rẹ̀ ní kíláàsì, Engle ni ó máa ń kà á sókè, tí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò jókòó sẹ́yìn láì fọhùn. Òfin kọ́ ni ó pa á lẹ́nu mọ́ nígbà náà. Ìtìjú àti ahọ́n ni. Àmọ́ àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n gbọ́ ìtàn náà kò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ wọn lé bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú ìwé, ohun tí ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ fún O'Connor sì ni àwọn mìíràn wá sọ di ìlànà lẹ́yìn náà.

Àwọn tí wọ́n ṣe èyí kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Milford jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Delaware ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí Damon Knight, Judith Merril àti James Blish pe àwọn òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wọn jọ sí ní oṣù kẹsàn-án 1956. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni gbogbo wọn ń kọ, ìyẹn ìtàn tí ó ń ti inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ro ohun tí ayé lè dà lọ́la, ẹ̀yà ìtàn tí kò ní iyì kankan lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà náà. Àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó rẹ̀. Nítorí náà, kò sí oyè tí ẹnikẹ́ni ń wá ní Milford, kò sì sí olùkọ́. Ẹni tí kò bá tíì ta ìtàn kan rí kò lè wọlé. Knight ti gba orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, nítorí pé ọdún yẹn kan náà ni àkójọ lámèyítọ́ rẹ̀, In Search of Wonder, jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Olúkúlùkù yóò mú ìtàn kan wá, gbogbo wọn yóò ti kà á kí àkókò ìjókòó tó tó, wọn yóò wá jókòó yí ká bí òrùka. Ẹni tí ó wà lápá kan yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó rí láì sí ẹni tí yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kan ẹni tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí lọ títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó ni ìtàn kò gbọdọ̀ dáhùn, ì báà jẹ́ láti ṣàlàyé tàbí láti gbèjà ara rẹ̀, àfi ìgbà tí gbogbo wọn bá sọ tán. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yóò wá kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì ní já lu tirẹ̀ náà. Ìlànà Milford ni wọ́n ń pe ètò yìí títí di òní, nígbà tí Blish àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé ìpàdé náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1972, ṣe ni wọ́n wá ibùdó sí ìlú kan tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Milford-on-Sea.

Ìdí tí ìdákẹ́ náà fi bá iṣẹ́ wọn mu kò fara sin. Òǹkọ̀wé tí ń ta ìtàn fún ìwé ìròyìn kò lè bá ìtàn náà dé orí tábìlì olóòtú, kò sì lè jókòó ti ẹni tí ó ra ìwé náà ní ibùdókọ̀ láti máa sọ fún un pé ohun tí òun ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Bí ẹni mẹ́wàá bá ka ìtàn kan tí méje nínú wọn kò sì mọ ẹni tí ó kú nínú rẹ̀, kò sí àlàyé tí yóò wo ìtàn náà sàn. Àfi kí òǹkọ̀wé lọ tún un kọ. Àwọn oníjàálá ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Adébóyè Babalọlá ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1966, ń ṣe òdìkejì èyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń sun ìjálá tí ó ṣìṣe nínú oríkì tàbí ìtàn, ọ̀gá mìíràn tí ó wà ní àwùjọ lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kí ó sì tún un ṣe, ẹni tí wọ́n bá sì bá wí ní ẹ̀tọ́ láti fèsì pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn, tàbí pé kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìyàtọ̀ náà mọ́gbọ́n dání: oníjàálá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ọ sì mọ ohun tí ó ń sọ bí òun náà ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé Milford kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ìwé tí ó tẹ̀.

Robin Scott Wilson, tí òun náà ti lọ sí Milford, ni ó gbé ìlànà yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó dá ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ ní Clarion State College ní Pennsylvania ní 1968. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó máa ń wá bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, Knight àti ìyàwó rẹ̀, Kate Wilhelm, sì ń gba ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn. Nǹkan méjì ni ó yí padà. Èkíní ni pé àwọn tí wọn kò tíì ta nǹkan kan rí ni wọ́n wá jókòó sínú òrùka náà báyìí. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa, ni ti gígùn ìtàn: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti máa kọ ìtàn tuntun ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó sì tún ní láti ka ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn kúkúrú nìkan ni ó lè gba inú ètò náà kọjá. Clarion ti ṣí kiri láti ìgbà náà, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Michigan, ó sì dé Yunifásítì California ní San Diego ní 2007, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti òrùka náà kò yí padà.

Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Pasadena, lọ síbẹ̀ ní 1970 lẹ́yìn tí Harlan Ellison, tí ó ti kọ́ ọ ní Los Angeles, rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ta ìtàn méjì àkọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn èyí tí kò tún rí ìtàn kankan tà fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ó yẹ kí àwọn tí ń polówó irú ẹ̀kọ́ yìí bí oògùn ajẹ́bíidán rántí ọdún márùn-ún yẹn.

Bí ènìyàn bá ń sọ àléébù kan náà fún ẹni ogún, yóò fún un lórúkọ níkẹyìn kí ẹnu lè sinmi. Àwọn tí wọ́n ń pàdé ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas láti 1973, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Turkey City, ṣe àkójọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, Lewis Shiner àti Bruce Sterling sì ni wọ́n ṣe olóòtú rẹ̀. “Bí ìwọ náà ti mọ̀, Bob” ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ̀dá-ìtàn méjì bá ti ń sọ ohun tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ fún ara wọn, kìkì kí òǹkàwé lè gbọ́. Àìsàn yàrá funfun ni ti ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tí kò ní nǹkan kan nínú, nítorí pé òǹkọ̀wé kò tíì ro ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Blish ni wọ́n sì ka orúkọ ìtàn òmùgọ̀ sí, ìyẹn ìtàn tí kò lè tẹ̀síwájú àfi bí gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ bá jẹ́ òpè. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń dín ìrora kù, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá wí yóò mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe é. Ewu rẹ̀ ni pé alárìíwísí ọ̀lẹ lè máa pín orúkọ kiri láì ka ìtàn já.

Ìtàn ráńpẹ́ ní tirẹ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n àkójọ méjì ni ó sọ ọ́ di ẹ̀yà tí ó dá dúró ní Amẹ́ríkà: Sudden Fiction, tí Robert Shapard àti James Thomas gbé jáde ní 1986, àti Flash Fiction, tí Thomas, Denise Thomas àti Tom Hazuka gbé jáde ní 1992, tí wọ́n sì fi 750 ọ̀rọ̀ ṣe òdiwọ̀n gígùn rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá òrùka Milford mu ju èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ. A lè kà á tán lójú gbogbo àwọn tí ó jókòó, kí a tún un kà, kí àríwísí sì gùn ju ìtàn fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kò wá sí lórí bóyá apá kan fà jù mọ́, bí kò ṣe lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, bóyá kí ó dúró tàbí kí ó lọ.

Àtakò sí ìlànà náà kò pẹ́ dé. Peter Elbow, nínú Writing Without Teachers ní 1973, rọ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n yé dájọ́, kí wọ́n kàn ròyìn ohun tí ó ń lọ lọ́kàn wọn bí wọ́n ti ń kà á. Liz Lerman, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ijó, gbé ètò onípele mẹ́rin kalẹ̀ ní 1990, nínú èyí tí oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ti ń béèrè ìbéèrè lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ èrò rẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó wọra jù ni ti Junot Díaz, tí ó kọ ọ́ sínú The New Yorker ní 2014 pé àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kún kíláàsì òun débi pé wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà rárá, àti ti Matthew Salesses nínú Craft in the Real World ní 2021. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé ìdákẹ́ ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ẹni tí ó jókòó bá jọ mọ ohun tí ìtàn náà gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ni ìtàn yóò dákẹ́ lásán ni, nígbà tí àwọn mìíràn ń tún àṣà ìlú rẹ̀ ṣe bí ẹni ń tún àṣìṣe ṣe.

Ẹ̀rí wà fún wọn nínú ìtàn Amos Tutùọlá. Kò sí òrùka kankan tí ó yẹ The Palm-Wine Drinkard wò kí Faber and Faber tó tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1952. Lẹ́yìn tí ó jáde ni àríwísí dé, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn West Africa ní 1954 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ burú, yóò sì dójú ti wa. Ọmọ ìlú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tí ń sọ̀rọ̀ náà, wọ́n mọ àlọ́ tí ìtàn rẹ̀ ti jáde, síbẹ̀ ìwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́. Ní 1983, Tutùọlá yìí kan náà di ọ̀kan lára àwọn àlejò International Writing Program ní Iowa, ètò tí Engle àti Hualing Nieh, ẹni tí ó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà, dá sílẹ̀ ní 1967.

Nítorí náà, òfin ìdákẹ́ kò dára, kò sì burú ní tirẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sínú òrùka ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó jọ pé àwọn tí ó sún mọ́ Clarion rí nìyẹn. Ní 2001, Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Butler sì kú ní 2006, ẹgbẹ́ Carl Brandon Society dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, èyí tí ó ti ń rán àwọn òǹkọ̀wé tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lọ sí Clarion àti sí ìkejì rẹ̀ ní Seattle láti 2007.