Píjò 504 ní Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Gba Páàtì Wo?

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa retí ọ̀rọ̀ oríkì ìlú. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, nítorí ìtàn ọkọ̀ wà lára ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibi tí rélùwéè kò gbà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ sí Òkè Ọya, Òṣogbo àti Ọ̀fà ló gbà dé Ìlọrin. Ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lápá òsì. Ìjọba amúnisìn la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1906, ó sì wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mọ́tò ni ìlú méjèèjì fi ń rìn. Bọ́lẹ̀kájà ná ọ̀nà náà títí, lẹ́yìn náà ni Píjò dé.

Ní ọdún 1960 ni 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. 504 tẹ̀ lé e ní ọdún 1968. Ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Peugeot ṣe àdéhùn ní ọdún 1972, nígbà tó sì di ọdún 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Àsìkò yẹn gan-an ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ wá di onímọ́tò. Wágìnnì rẹ̀ tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta ni àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ̀ ọ́ láti Òwòdé ní Ọ̀yọ́ dé Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń fún èrò pọ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Lójú, gbogbo 504 jọra. Inú wọn ni kò rí bákan náà. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ní 1,796 cc: ẹnu sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 84, pístìn rẹ̀ sì ń rin mílímítà 81 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ́ńjìnnì 2.0 tí wọ́n ń pè ní XN1 ní 1,971 cc. Ìrìn pístìn tirẹ̀ náà jẹ́ 81, ṣùgbọ́n ẹnu sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 88. Ẹ wá wo ọ̀fìn tó wà níbẹ̀: 404 tó ní 1,618 cc náà ní ẹnu 84 bíi ti 1.8, ṣùgbọ́n 73 péré ni pístìn rẹ̀ ń rìn. Ẹni tó bá wọn ẹnu nìkan lè rò pé kíránkì ọ̀kan yóò gba èkejì, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ti dísù kò tilẹ̀ bá wọn tan. Ẹ́ńjìnnì 2,304 cc ní ẹnu 94 àti ìrìn 83.

Mo mọ ohun tí àṣìṣe kékeré ń ná ènìyàn. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wágìnnì rẹ̀ ló ń fi kó èrò lọ sí Ọ̀yọ́, owó rẹ̀ sì ni a fi ń san owó ilé-ìwé. Mẹkáníìkì kan tí n kò ní dárúkọ tú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi gásìkẹ́ẹ̀tì 1.8 sórí 2.0. Ihò bọ́ọ̀tì bá ara wọn mu, ó sì jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n ihò tí ó yẹ kó yí ẹnu sílíńdà ká kéré ju ẹnu náà lọ, etí gásìkẹ́ẹ̀tì sì yọ sínú iná. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jó. Ọkọ̀ dákú lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò méje, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Bàbá yẹn kò béèrè ọdún tí wọ́n ra ọkọ̀. Ó nu ara búlọ́ọ̀kù, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i, ó fi kálípà wọn ẹnu sílíńdà, ó sì pe bàbá mi.

“Tíṣà, ẹ ẹ́ bínú o. Ta ló sọ fún yín pé 1.8 ni?”

“Ọ̀gá, ẹnìkan kò sọ fún mi. Èmi náà kò béèrè.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó àwọn sílífù jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀: sílífù 504 kì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, ó ṣeé fà yọ, omi sì ń yí i ká. Èyí ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà ṣeé sọ di tuntun láì ju búlọ́ọ̀kù nù, òun náà ló sì jẹ́ kí omi tètè wọ ọ́ìlì bí wọn kò bá tò ó dáadáa.

Ẹ́ńjìnnì kan tún wà tí ń dán ènìyàn wò, òun ni V6. Peugeot, Renault àti Volvo jọ dáwọ́ lé e ní ọdún 1971, ó sì wọ inú 504 Coupé ní ọdún 1974. Sílíńdà mẹ́ta wà lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, wọ́n ya bí ẹ̀ka igi oríta ní dìgírì 90. Ẹnu sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 88, gẹ́lẹ́ bíi ti 2.0! Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ jẹ́ 73, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2,664 cc. Nǹkan tó pa wọ́n pọ̀ kò ju iye yẹn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ ẹnu náà sí 91, ó di 2,849 cc, irú èyí tí wọ́n fi sínú 505 V6 ní ọdún 1986. Ọmọ ìyá ni ti Volvo 264 àti ti Renault 30 jẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í sábà wọ bàtà kan náà. Àwọn ti ìṣáájú kì í taná ní ìwọ̀n kan náà, 90 lẹ́yìn náà 150. Nígbà tí wọ́n tún kíránkì ṣe, ó di 120 léraléra. Ẹ kò lè mú kíránkì ti ìgbà kan kí ẹ fi káṣáfù ti ìgbà kejì sí i.

Èdè tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sọ dùn mọ́ mi. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, ni wọ́n fún ọkọ̀ àlòkù. Páàtì àlòkù ni wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, ìbáà jẹ́ Jámánì ló ti wá. Bí páàtì ẹ́ńjìnnì méjì bá ṣeé pààrọ̀, wọn a ní “wọ́n ń gba ara wọn”. Bí kò bá ṣeé ṣe, “kò gbà á” ni, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì náà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Kàdúná to 504 títí di àárín ẹ̀wádún 2000. Ọkọ̀ bàbá mi ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé orin rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn: XN1, 88, 81, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ 88.